Ìbéèrè Yín: Pòrótéènì Tó Ń Jẹ́ Kí Ẹ̀jẹ̀ Jò

Olóòtú wa, aláàdìrẹ ni mí ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Ibà kọ lu ọmọ àbúrò mi, àyẹ̀wò ibà lásán kò rí nǹkan kan, àfi ìgbà tí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní NS1 tí wọ́n ní pòrótéènì fáírọ́ọ̀sì dengue (ibà kan tí ẹ̀fọn ń kó ranni) ni. Ṣé pòrótéènì inú ẹ̀wà kọ́ nìyẹn? Nígbà tí ara rẹ̀ sì wá tutù, kí ló dé tí dókítà kò jẹ́ kí a máa gbé e lọ sílé?

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ìyá wa. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Pòrótéènì 10 ni fáírọ́ọ̀sì dengue ní: ó fi 3 kọ́ ara rẹ̀, ó sì fi 7 tó kù gba sẹ́ẹ̀lì wa lò. Nínú àwọn 7 yìí, NS5 ń dí sẹ́ẹ̀lì létí kó má baà gbọ́ igbe ìkìlọ̀ ara, ṣùgbọ́n NS1 ni sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àyẹ̀wò fi ń tètè rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé. Ẹ máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má baà wọ ibi tó yẹ kó funfun. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ náà ní ẹ̀kọ tirẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí èròjà bíi ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi ẹ̀jẹ̀ jò síta. Bí NS1 bá lẹ̀ mọ́ ọn, á sún àwọn ẹ́ńsáìmù ara wa fúnra wọn, ìyẹn àwọn pòrótéènì tó ń gé nǹkan sí wẹ́wẹ́ (ohun tó yani lẹ́nu jù nìyẹn), láti fá ẹ̀kọ náà kúrò. Omi á wá máa jò sínú ikùn àti àyíká ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ á ki, ìfúnpá rẹ̀ sì lè já wálẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó ní dengue kì í dé ibẹ̀ rárá. Àmọ́ nínú àwọn tó bá dé ibẹ̀, ìgbà tí ibà bá ń lọ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 3 sí 7 tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ni jíjò náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni dókítà yín ń ṣọ́: inú rírun líle, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ lójú eyín. Ẹ má ṣe fún un ní ásípírìn tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà; parasítámọ́ọ̀lù ni kí ẹ lò bí dókítà bá ṣe júwe rẹ̀.