Ẹ lè lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dínwó láì pàdánù nọ́ńbà yín

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bi mí bóyá nọ́ńbà yín máa sọnù bí ẹ bá lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dínwó. Nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà mọ̀ yín mọ́ kò ní sọnù. Láti 2013 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fàyè gba kí èèyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé e. Dátà olówó pọ́ọ́kú ò wúlò bí kò bá ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ ti ń tajà.

1. Ẹ ra síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ fi NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) yín forúkọ sílẹ̀, kí ẹ fi síìmù náà sí ojú kejì fóònù yín.

2. Ẹ lò ó ní ìsọ̀ yín l'Ọ́jà Ọba, ní Àkúrẹ́, lọ́sàn-án gangan tí èrò pọ̀, kí ẹ tún lò ó nílé lẹ́bàá FUTA lálẹ́. Ó lè já geere ní Alágbàká kó má gbé ní ọ̀dọ̀ yín rárá; ọ̀rọ̀ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nítòsí ni.

3. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ san gbèsè káàdì tí ẹ yá, ẹ lo èyí tó kù tán, torí kò ní bá yín lọ. Lẹ́yìn náà, ó di ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tuntun náà, kí wọ́n bá yín gbé nọ́ńbà yín.

Ẹ ní bàbá àwọn ọmọ sọ pé àwọn tó ń dínwó ò lè pẹ́, pé wọn ò sì yí nǹkan kan padà. Mi ò gbà. Kí Glo tó dé ní 2003, ìṣẹ́jú gbáko la ń sanwó fún, bí a tilẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Glo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ní 2025 tí NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fowó kún iye tí wọ́n ń gbà dé ìdá 50 nínú 100, kí ló kù fún wa bí kò ṣe ká lè ṣí kúrò?