Ẹ Bi Bàbá Awọnlẹ̀: Ta ló ń gbá ojú àpáta?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì, ọmọ ọdún 26. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí láti dá gun ọ̀kan nínú àwọn òkè ẹ̀yìn Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kí n pàgọ́ síbẹ̀ mọ́jú, kí n sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ti ra àgọ́, mo ti ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́rí. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo fojú sí. Fóònù mi ní òjò lè rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó kọ 40 nínú 100. Màmá mi ní orí mi ti dàrú. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n lọ? — Tíṣà Adó

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, orí rẹ ò dàrú. Inú òkìtì ni wọ́n ní orúkọ Èkìtì ti jáde, kí ló wá burú bí òkè bá ń wu ọmọ Èkìtì? Kí ìwọ àti màmá rẹ fi mí ṣe adájọ́ ni ò rọrùn.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ 40 yẹn kúrò nílẹ̀. Kò sọ aago tí òjò máa dé, kò sì sọ òkè tó máa bọ́ sí. O mọ bí òjò wa ṣe ń ṣe: á máa rọ̀ ní Ìwòrókò, oòrùn á máa sá aṣọ l'Ádó. Ojú ọ̀run apá ìlà-oòrùn ni kí o máa wò. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, àti nígbà tó bá ń palẹ̀ mọ́ bíi ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá yìí, ibẹ̀ ni ìjì ti sábà máa ń wá, lọ́wọ́ ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́. Bí ooru bá mú láàárọ̀, tí ewé ò mì, tí o wá rí i tí ọ̀hún dúdú bí ìdí ìkòkò, má sọ pé ó ku díẹ̀ kí o dórí òkè. Afẹ́fẹ́ tútù kan á fẹ́ sí ọ lójú. Bó o bá ń wá réǹkóòtù nínú báàgì nígbà yẹn, o ti pẹ́.

Ọdún 22 ni mo fi bá àwọn awọnlẹ̀ ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń fa ṣéènì tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún kan, ilẹ̀ ṣú mọ́ wa lórí àpáta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ lọ sùn sílùú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ṣọ́ ẹrù. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ o, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo wá ibi tí màá na tápólì sí, mo rí kòtò pẹlẹbẹ kan lójú àpáta. Ó tẹ́jú, ó mọ́ tónítóní, kò sí koríko, kò sí òkúta wẹ́wẹ́, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ibẹ̀. Inú mi dùn. Mi ò bi ara mi pé ta ló ń gbá a.

Ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run nígbà tí mo dùbúlẹ̀. Ní nǹkan bí aago 10, afẹ́fẹ́ gbé etí tápólì. Òjò ò tíì rọ̀ tó ìṣẹ́jú 10 tí omi fi wọ ẹ̀yìn mi, tápólì ò sì jò o. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo èyí tó bá bọ́ sórí rẹ̀ ló ń wá ọ̀nà sísàlẹ̀, mo sì ti tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà ọ̀hún. Mo fò dìde, mo fẹsẹ̀ lé ìlà dúdú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ìdí nílẹ̀. Ìdí náà ni mo fi wọ́ lọ títí igi kéékèèké kan fi dá mi dúró. Ṣòkòtò ya, tọ́ọ̀ṣì bá omi lọ. Mo fẹ̀yìn ti òkúta mọ́jú, eyín mi ń lu ara wọn, l'Ékìtì níbí o! Aṣọ tútù àti afẹ́fẹ́ nìkan ti tó, kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gààrì mi ti mumi yó, ó ti wú, ó ti bẹ́ ọ̀rá, ó ti di ẹ̀bà tútù. Mo jẹ ẹ́.

Láti ojú títì ní Ìkẹ́rẹ́, wàá rí àwọn ìlà dúdú yẹn lára àpáta, látorí dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n kọ ilà fún. Ibi tí omi ń gbà ni. Ohun kan tó ń hù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ síbẹ̀ ló dúdú bẹ́ẹ̀. Lọ́gbẹlẹ̀, ó gbẹ, ó gbá ẹsẹ̀ mú dáadáa. Omi kàn án báyìí, ó di ọbẹ̀ ilá. Òkè Ẹ̀fọ̀n tí ìwọ ń lọ nígbó lára ju ìyẹn lọ, nítorí náà ewé gbígbẹ ni kí o máa wò nílẹ̀. Níbi tí gbogbo wọn bá kọrí sí ibì kan náà bí irun tí wọ́n fi òòyà yà, tí gbòǹgbò yọ síta, àgbàrá ló ń gba ibẹ̀. Má sùn síbẹ̀ bó ti wù kó tẹ́jú tó. Má sì sùn sórí góńgó. Wá ibi tó ga díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀ góńgó, kọ ẹ̀yìn àgọ́ sí ìlà-oòrùn, kí o sì gbójú sókè wò bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà.

Ní ti àrá, bí mànàmáná bá ti kọ, máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Mẹ́ta jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1. Bí àrá bá sán kí o tó ka 30, sọ̀kalẹ̀ kúrò níbi tó ga, má sá sábẹ́ igi tó dá dúró, má sì jókòó sẹ́nu ihò àpáta. Má fi etí lásán wọ̀n ọ́n. Òkè-Ìmẹ̀sí ò jìnnà síbẹ̀, ìwọ náà sì mọ ìtàn ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tó jẹ́ pé bí ìró ìbọn ńlá ṣe ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi pè é ní Kírìjì. Ìró ń dá ìró lóhùn níbẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju òjò lọ ni pé o fẹ́ dá lọ. Àwọn ọdẹ ń ṣọdẹ òru lórí àwọn òkè yẹn, iná orí rẹ tí wọ́n bá rí nínú igbó lè dà bí ojú ẹran lójú wọn. Ayé sì ti yàtọ̀ sí tìgbà èwe mi, o ń gbọ́ ìròyìn. Yà sí abúlé ẹsẹ̀ òkè, kí àwọn ọdẹ àti àwọn Àmọ̀tẹ́kùn mọ̀ ọ́ lójú. Sọ aago tí wàá padà fún wọn, sọ ọ́ fún màmá rẹ náà. Bí wọ́n bá ní kó o má lọ, má jiyàn.

Ìdájọ́ mi nìyí. Lóṣù kẹsàn-án, gòkè láàárọ̀ kùtù, má gbé àgọ́ dání, kí o sì ti padà dé abúlé kí ọ̀sán tó pọ́n jù. Omi ṣì ń ṣàn nígbà yẹn, wàá fojú ara rẹ rí ibi tó ń gbà. Bu àmì sí ibi tí kò dé. Tó bá di oṣù kejìlá tí ọyẹ́ ti dé, padà lọ sùn síbẹ̀ gan-an. Mú aṣọ òtútù dání, má dáná, torí koríko ti gbẹ. Inú kẹ́ẹ̀gì olómorí ni kí o bu gààrì sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àwa mẹ́rin fẹ́ gun àpáta Olósùnta n'Íkẹ̀rẹ́. Ṣé dandan ni ká gbàyè? Bàtà wo la máa wọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbàyè. Wọ́n ń bọ Olósùnta, wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀, ẹ ò lè kàn máa gun orí ohun tí èèyàn ń kúnlẹ̀ fún láìkí onílé. Ní ti bàtà, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ tó sì léyín. Mo ti rí oníbàtà olówó gọbọi tó ń fi ọwọ́ àti orúnkún rá bàbà lórí àpáta, tí ọmọ àgbẹ̀ oníbàtà rọ́bà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó ru igi ìdáná, tó tún ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”