Ẹ tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ tó kéde rẹ̀

Ẹni tó béèrè bóyá kí òun máa kéde ibi tí iṣẹ́ òun dé, torí pé òun ń ṣe rédíò, òun sì ń kọ̀ròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ tí àwọn olóòtú ò mọ òun: ẹ kéde. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ kí wọ́n bá nígbà tí wọ́n bá tẹ líǹkì yín?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni ti ilé iṣẹ́ rédíò kan tó tún ìkànnì rẹ̀ ṣe, tí gbogbo ètò àtijọ́ sì pòórá. Wọn ò sọ fún wa ṣáájú. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi bẹ ẹnì kan kó tó gbà láti bá mi sọ̀rọ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn náà bá a lọ. Kò pẹ́ sí i, olóòtú kan ní kí n fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́. Àwọn tó gbọ́ ètò náà ṣì ń rántí rẹ̀ o, àmọ́ èèyàn ò lè fi ìrántí olùgbọ́ ránṣẹ́.

Látìgbà náà, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá jáde ni mo máa ń gba ẹ̀dà tèmi. WAV, ìyẹn fáìlì ohùn tí wọn ò gé nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, ni kí ẹ tọ́jú, kí ẹ fi MP3 ránṣẹ́, torí MP3 ti gé lára ohùn kúrò kí fáìlì lè kéré, ẹ ò sì lè dá a padà. Ẹ tọ́jú odindi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹ ò tíì gé pẹ̀lú. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, odindi yẹn ló máa gbà yín. Ní ti ohun tí ẹ kọ, ẹ ṣe é ní PDF, kí ẹ sì fi líǹkì rẹ̀ sínú Wayback Machine ti Internet Archive, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tó ti wà fún gbogbo ayé láti ọdún 2001. Ẹ má gbójú lé e fún ohùn ṣá, ojú ewé ló mọ̀ ọ́n tọ́jú jù. Kí ẹ sì kọ ipa tiyín sílẹ̀: ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni, àbí ẹ kàn kà á? Ẹ wo ìwé àdéhùn yín náà, torí kéèyàn ní ẹ̀dà lọ́wọ́ yàtọ̀ sí kó gbé odindi ètò síta.

Ìkéde fúnra rẹ̀ ò gba ariwo. Àwọn "inú mi dùn láti kéde" yẹn ti sú mi. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ẹ fi líǹkì kan sí i, ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tuntun lẹ rí, ẹ dúró kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ná, kí ọ̀gá tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ yín níbì kan ni kí wọ́n máa kọ ọ́ níbi gbogbo, torí ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò ò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọ̀rọ̀ rédíò lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà. Olùgbọ́ ò lè padà sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé "nǹkan bí ìdajì". Ẹni tó ń kà á fẹ́ rí 49.2% gan-an, pẹ̀lú ibi tí ẹ ti rí i. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí 150 ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìròyìn ìṣẹ́jú méjì ò ju 300 ọ̀rọ̀ lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín ni iṣẹ́ kejì, ìyẹn èyí tí ẹ máa kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti àwọn ètò àtẹ̀yìnwá tí ẹ ò ní, ẹ lọ bá àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò sábà máa ń gba gbogbo ohun tó lọ sórí afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tọ́jú rẹ̀ pẹ́: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 42 ni òfin ní kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ti oṣù yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.