Ìyàwó mi tó ń gbé Kétu ṣe ìntafíù físà Amẹ́ríkà, wọ́n ní kó lọ mú ìwé wá: èsì fún Bọ̀dá tó wà ní Maryland

Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrònú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ kí n tó dáhùn. Bó ṣe yé mi nìyí: ìyàwó yín tó ń gbé ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, lọ ṣe ìntafíù físà ìyàwó lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà. Ọ̀gá tó jókòó lójú fèrèsé kò gbà, kò sì lé e dànù. Ó na bébà kan sí i tí wọ́n kọ 221(g) sí, òfin tí wọ́n fi ń dá físà dúró, wọ́n fi àmì sí nǹkan mẹ́rin: ìwé ìbí, ìwé ọlọ́pàá Nàìjíríà, I-864 (ìwé ìgbọ̀wọ́ owó) tuntun pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ kejì, àti ẹ̀rí sí i pé tọkọtaya ni yín. Nígbà tí ẹ wá yẹ CEAC wò, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń wo ipò físà, "Refused" ni ẹ bá níbẹ̀, oorun sì dá lójú yín.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo ń gbé. Èmi ni mo bá àbúrò mi obìnrin rin ìrìn yìí títí ó fi bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Texas, oṣù mẹ́jọ gbáko lẹ́yìn ìntafíù. N kì í ṣe lọ́yà. Ohun tí mo fojú rí ni mo máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù "Refused" yẹn kalẹ̀ lórí yín. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn tí ìwé kò bá tíì pé. Fáìlì kò kú. Ọdún kan ni wọ́n fún yín láti ọjọ́ ìntafíù náà láti kó ohun tí wọ́n béèrè wá. Bí ọdún yẹn bá kọjá láìsí èsì, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì san owó tuntun. Láti 2025 náà, àṣẹ ìdádúró físà ti ń kan orílẹ̀-èdè Áfíríkà púpọ̀, nítorí náà ẹ fi ojú ara yín ka ohun tó wà lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ aṣojú nípa Benin lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ rán ìwé. Ẹ má gba ti ẹni tó gbọ́ ọ lórí WhatsApp. Ẹ má sì torí ẹ̀ jókòó lé ìwé o.

Ìwé tó máa pẹ́ jù ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò torí pé ó rọrùn, wọ́n á tẹ àádọ́ta fọ́tò sórí bébà dáadáa, oṣù mẹ́rin á sì ti lọ kí wọ́n tó rántí ìwé ọlọ́pàá.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tí Amẹ́ríkà fi ń béèrè ìwé ọlọ́pàá Nàìjíríà lọ́wọ́ ọmọ Kétu. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dáhùn ín: ẹ ní ìyàwó yín gbé Abẹ́òkúta fún ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú DS-260, fọ́ọ̀mù físà náà, ó sì ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà. Ẹni tó bá gbé orílẹ̀-èdè mìíràn fún oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n á béèrè ìwé ọlọ́pàá ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tiwa ní Kétu, Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè. A ń lọ a ń bọ̀, ìyá ẹni ń bẹ ní Ìlárá, àbúrò bàbá ẹni ń bẹ ní Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n. Àmọ́ lójú kọ́ńsù, aṣojú Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní físà, orílẹ̀-èdè méjì ni. Ó dára tó kọ ọ́. Àwọn kan máa ń fi í pamọ́, WAEC wọn á wá tú wọn fó.

Ìwé ọlọ́pàá yẹn, ní ẹ̀ka ọlọ́pàá tó wà ní Alágbọ́n, ní Ìkòyí, Èkó, ni wọ́n ti ń ṣe é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ orúkọ sílẹ̀ báyìí, wọ́n á sì tẹ ìka. Tí ara rẹ̀ bá dá, kí ó lọ fúnra rẹ̀. Kó mú ìwé ìrìnnà Benin rẹ̀ dání, kó gba ẹnubodè ńlá bíi Sẹ̀mẹ̀ kọjá kí wọ́n lè tẹ òǹtẹ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ọ̀nà Ìlárá ló yá, alùpùpù á gbé e kọjá láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ìrìn àjò yìí kì í ṣe ti ọjà. Ìwé tí wọ́n bá fún un, orúkọ tó wà nínú ìwé ìrìnnà Benin rẹ̀ ni kó jẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwa ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ ti máa ń wọ́ gan-an rè é: orúkọ. Orúkọ kan náà ni ìyá wa sọ wá, akọ̀wé méjì ló kọ ọ́. Akọ̀wé ti Benin fi etí Faransé kọ ọ́: Adéchina, Olouchégoun, Adjokè. Tíṣà ti Nàìjíríà kọ Adesina, Olusegun, Ajoke. Àwa ń ka méjèèjì bákan náà, a ò tiẹ̀ rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí èèyàn méjì. Ẹ mú gbogbo ìwé ìyàwó yín, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí ibùsùn, kí ẹ kọ orúkọ tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan: ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìrìnnà, CEP (ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Benin), WAEC bó bá ṣe é, ìwé ìrìbọmi. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà, ẹ wo orúkọ bàbá àti ti ìyá. Orúkọ ìyá ni akọ̀wé kì í bìkítà fún, òun ló sì ń dá wàhálà sílẹ̀ jù.

Bó bá jẹ́ pé "ch" àti "s" nìkan ló yàtọ̀, lẹ́tà àlàyé kan tó, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé méjèèjì, kí ó sì hàn nínú DS-260 pé ó ti jẹ́ orúkọ kejì yẹn rí. Bó bá jẹ́ pé ìwé ìbí gan-an ló ṣìnà, tí wọ́n kọ orúkọ ìyá ìyá sí ipò ìyá, tàbí ọdún yàtọ̀, kóòtù ni. Pobẹ̀ ni ti Kétu, ẹ ò ní wá Àjàṣẹ́. Adájọ́ ló láṣẹ láti tún ìwé ìbí ṣe. Akọ̀wé mérì, ilé ìjọba ìlú, kò lè fi báírò fa ìlà sí i kó kọ òmíràn sókè. Wọ́n ṣe é fún àbúrò mi ní mérì kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní "ó tán". Nígbà tí kọ́ńsù rí ìfà-ìlà yẹn, ó dá a padà. A padà lọ sí kóòtù tó yẹ ká ti lọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù mẹ́ta sì wọ̀ ọ́.

Ní ti ìwé ìbí tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín: ẹ kọ pé ìwé pélébé tí mérì fún bàbá rẹ̀ nígbà yẹn ló mú lọ, eku ti jẹ etí rẹ̀. Kó gba èyí tí ANIP, iléeṣẹ́ ìdánimọ̀ ti Benin, ń fúnni, acte de naissance (ìwé ìbí) tuntun tó ní ààbò. Ẹni tó ti wà nínú ìkànìyàn RAVIP tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, tó sì ti ní NPI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, á rọrùn fún un. Ojú ìwé service-public.bj ni ẹ ti lè bẹ̀rẹ̀, kódà láti Maryland. Àmọ́ ẹ ka ohun tó jáde dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé àtijọ́ ni ẹ̀rọ ń gbé jáde, àṣìṣe àtijọ́ á sì bá a jáde.

Ẹ sọ nínú ọ̀rọ̀ yín pé jugement supplétif, ìdájọ́ kóòtù fún ẹni tí wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìbí, ni wọ́n fi ṣe ìwé ìbí náà nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, kí ó lè jókòó ìdánwò CEP. Ìdajì wa ló rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ìwé tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá kì í tẹ́ kọ́ńsù lọ́rùn bó bá dá nìkan wà. Kí ó fi ẹ̀dà ìdájọ́ náà mọ́ ọn, kí ó wá ohun tó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ: ìwé ìrìbọmi láti ọ̀dọ̀ àwọn fádà bó bá jẹ́ onígbàgbọ́, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí "vers" (ìyẹn "nǹkan bíi") bá wà níwájú ọdún ìbí rẹ̀, ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìrìnnà ni kó máa kọ níbi gbogbo, kò gbọ́dọ̀ yí i padà.

Àwọn démarcheur (alágbàṣe ìwé) tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní àwọn lè bá yín "yọ" ìwé láàárín ọjọ́ méjì: ẹ sá fún wọn. Ọ̀kan gba ẹgbàá lọ́nà ọgbọ̀n sẹ́fà lọ́wọ́ ìyá wa, ìwé tó mú wá ní nọ́ńbà tí kò sí nínú ìwé ńlá mérì rárá. Ọlọ́run ló ní ká yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ. Ìwé ayédèrú kan ṣoṣo lójú Amẹ́ríkà, ilẹ̀kùn á tì títí ayé, àfi tí ẹ bá bẹ̀bẹ̀ fún àforíjì tó le gan-an láti rí.

Casier judiciaire ti Benin, ìwé tó ń fi hàn bóyá kóòtù ti dá èèyàn lẹ́bi rí, ńkọ́? Ẹ ní wọ́n gbà á, ó parí. Nílé wọ́n máa ń sọ pé oṣù mẹ́ta ni agbára rẹ̀, àwọn Amẹ́ríkà ń gbà á fún ọdún méjì. Ẹ má ṣe òmíràn àfi tí wọ́n bá béèrè. Ti àyẹ̀wò ara náà rí bẹ́ẹ̀: oṣù mẹ́fà ló sábà máa ń lò, ó lè parí kí ìwé tó pé, wọ́n á sọ fún un nígbà náà. Ẹ má sáré lọ san owó lẹ́ẹ̀mejì.

Apá tiyín ni I-864. Fún ìdílé ẹni méjì, iye tí wọ́n béèrè ní 2025 jẹ́ 26,437 dọ́là lọ́dún, ó máa ń yí lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ wo ti ọdún tí ẹ wà. Ẹ ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí iṣẹ́ padà ni, owó orí yín ti ọdún tó kọjá kéré. Ìdí tí wọ́n fi béèrè onígbọ̀wọ́ kejì nìyẹn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹbí. Ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní green card ni kó jẹ́, kó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, kó máa gbé níbẹ̀, kí owó tirẹ̀ sì tó fún ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó yín. I-864 tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀rí owó orí rẹ̀, ẹ̀rí pé ọmọ ìlú tàbí olùgbé ni. Ẹ̀yin náà ṣì máa kọ tiyín. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí onígbọ̀wọ́ kejì bá ti wọlé, ọkọ ti jáde, rárá o. Ẹ ka ìwé náà sí onígbọ̀wọ́ yín létí kó tó fọwọ́ sí i, torí gbèsè gidi ni lábẹ́ òfin, ìkọ̀sílẹ̀ pàápàá kì í pa á rẹ́.

Ẹ̀rí ìgbéyàwó ló kù. Mo rò pé mo mọ ohun tó fa ìbéèrè yẹn. Ìyàwó yín sọ fún kọ́ńsù pé oṣù kejìlá ni ẹ gbéyàwó, fọ́ọ̀mù yín sì ní oṣù kẹrin. Oṣù kejìlá ni ìdána, ọjọ́ tí àwọn ẹbí pàdé tí wọ́n gbé iṣu àti obì kalẹ̀; lójú tiwa ọjọ́ yẹn gan-an ló di ìyàwó yín. Oṣù kẹrin ni ti mérì, òun nìkan sì ni òfin Benin mọ̀. Ó sọ òtítọ́, ẹ̀yin náà sọ òtítọ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì kọ lẹ́tà kan, kúkúrú, tó sọ ọjọ́ méjèèjì àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò ọjọ́ méjèèjì. Fọ́tò mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, ẹ kọ ọjọ́, ibi, àti àwọn tó wà níbẹ̀ sẹ́yìn wọn. Àwọn tí ẹ ò múra fún ló dára jù. Èyí tó gbẹ̀yìn láàárín ti àbúrò mi, ibi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lálẹ́ ni, eruku bo àwọn méjèèjì, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa sùn léjìká ọkọ rẹ̀. Ti ilé oníyàwòrán, tí òdòdó ike wà lẹ́yìn, ẹ fi ẹyọ kan síbẹ̀. Ẹ fi ìwé owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí i, òǹtẹ̀ tó wà nínú ìwé ìrìnnà yín nígbà tí ẹ wálé, àti díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń bá ara yín sọ látọdún dé ọdún. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ka igba ojú ìwé "ṣé o ti jẹun".

Àwọn ìwé Faransé, ẹ má sanwó ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún kọ́ńsù tó wà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń lo Faransé, wọ́n ń gbà á bẹ́ẹ̀, àfi tí lẹ́tà náà bá béèrè. Ẹ ó nílò ìtumọ̀ tó bá dé ọ̀hún, fún ìwé tí ẹ bá máa fi ránṣẹ́ sí USCIS, iléeṣẹ́ ìwọ̀lú ti Amẹ́ríkà.

Kí ẹ tó rán ohunkóhun, ẹ dúró kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kí ẹ rán wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí lẹ́tà yẹn ṣe ní kí ẹ rán an gan-an. Bí ó bá ní ká gbé e wá, kó gbé e lọ. Bí ó bá ní íméèlì, íméèlì ni. Nọ́ńbà ẹjọ́ yín ní òkè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ó fi ẹ̀dà kan sí Kétu, kí ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ yín. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọn ò béèrè kún un.

Tí ẹ bá lè ya fọ́tò lẹ́tà 221(g) yẹn kí ẹ fi ìka bo nọ́ńbà àti orúkọ, ẹ jẹ́ kí n rí i. Ohun tí ẹ kọ nípa ìwé ìbí kò yé mi tán, bóyá ìdájọ́ ni wọ́n ń béèrè, tàbí ìwé ìbí fúnra rẹ̀. Ìyàwó yín lè pè mí tó bá ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ láti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Alágbọ́n. Yàrá wà nílé, kó sùn lọ́dọ̀ mi kó lè jáde ní kùtùkùtù.