Ìmọ́lẹ̀ tó ń sún láàárọ̀, tó dúró gbári lọ́sàn-án

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Zaria ni mo ti ń ka físíìsì, másítà ni mò ń ṣe. Mo to SiO2 àti TiO2 léra wọn ní ìpele tín-ín-rín lójú gíláàsì méjì, kí wọ́n máa dá ìmọ́lẹ̀ padà (photonic crystal ni wọ́n ń pe irú rẹ̀), mo sì fi 5CB, irú liquid crystal kan, tó nípọn máíkírómítà 5 sáàárín. Láàárọ̀, bí mo bá ń fi bátìrì gbé fóltì sókè, ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá ní nǹkan bíi nánómítà 610 máa ń sún wálẹ̀ dáadáa. Tó bá di ọ̀sán, mo lè gbé e dé fóltì 9, kò ní mira. Wọ́n ní kí n tú u palẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Má tú u o, àbúrò. Ooru ni. Láàárín nǹkan bíi 24°C sí 35°C nìkan ni 5CB ti ń jẹ́ liquid crystal, ohun tó ń ṣàn bí omi ṣùgbọ́n tí àwọn mólékù rẹ̀ tò. Abuja tí mo wà yìí, yàrá tí kò ní amúlétutù lè dé 35 lọ́sàn-án oṣù kẹta, ti Zaria náà kò sì kéré. Tí gílóòbù halogen bá tún ń tàn sí i lórí, ó parí. Ní Hull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni George Gray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe 5CB ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Èyí tí yóò ṣiṣẹ́ nínú yàrá lásán ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n yàrá Hull kì í ṣe yàrá Zaria.

Wo agbo màlúù tí àwọn Fúlàní ń dà kọjá lójú títì: kò sí èyí tó ní ààyè kan pàtó, síbẹ̀ ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Bí àwọn mólékù rẹ ṣe wà nìyẹn ní 25°C. Ìmọ́lẹ̀ tó ń mì ní ìhà tí wọ́n nà sí ń bá index (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dín eré ìmọ́lẹ̀ kù) 1.71 pàdé, èyí tó ń mì ní ìbú wọn ń bá 1.53. Fóltì ló ń gbé wọn dìde, tí 1.71 fi ń sún mọ́ 1.53. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ráyè kọjá sì ń tẹ̀lé index yìí: ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́nà ìnípọn, kí o fi nọ́ńbà òdidì kan pín in. Fi 28 pín tìrẹ, wàá rí nánómítà 611. Tí index bá já dé 1.53, 546 ni. Kì í já dé bẹ̀ tán, nítorí àwọn mólékù tó lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì kì í yí.

Lókè 35, agbo ti túká. Index di ẹyọ kan ṣoṣo, nǹkan bíi 1.58, fóltì ò sì rí ohun tí yóò yí. Èyí kò bà mí lẹ́rù, torí o rí i. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí agbo tó túká, láti 30 lọ sókè, àlàfo àárín index méjèèjì ti ń dín kù. Iye tí o kọ sílẹ̀ ní aago mẹ́jọ àti èyí tí o kọ ní aago mọ́kànlá kò ní bára mu, wọ́n á sì wọ inú iṣẹ́ rẹ láìsọ̀rọ̀. Kọ ìwọ̀n ooru sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo èsì. (Àwọn kan tilẹ̀ ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ooru yí photonic crystal tiwọn.)

Tí o bá fẹ́ dá a mọ̀, fi í sáàárín polarizer méjì (ohun tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì ní ìhà kan ṣoṣo kọjá) tó dábùú ara wọn. Bí ó bá ṣókùnkùn bó ti wù kí o yí i, ó ti túká. Gbé e lọ síbi tútù, yóò padà.

E7, àdàpọ̀ liquid crystal mìíràn, ni kí o lò. Kì í dì nínú ọyẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bíi 58°C. Index rẹ̀, 1.74 àti 1.52, yóò tilẹ̀ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ sún jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bátìrì yẹn náà, yọ ọ́ kúrò. Iná DC máa ń kó àwọn áyọ̀nù (átọ́ọ̀mù tàbí mólékù tó ní iná lára) jọ sí ara gíláàsì, wọn á sì bo iná mọ́lẹ̀. AC tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn kílóháàsì 1, ló dára. Fi polarizer kan síwájú pẹ̀lú, kí ó dọ́gba pẹ̀lú ìhà tí o fi aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì nu gíláàsì sí, torí ìdajì ìmọ́lẹ̀, èyí tó ń mì ní ìbú, kò ní sún láéláé.

Gíláàsì tuntun ni kí o fi E7 sí. 5CB kì í tán nínú ti àtijọ́ bọ̀rọ̀. Mú E7 náà gbóná kọjá 60°C, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wọ inú àlàfo, kí o sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀.