Ẹ Gbé Kànga Yín Sórí Máàpù, Ẹ Yọ Orúkọ Mẹ́gáàdì Kúrò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi GPS to kànga ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn àti tiransfọ́mà àdúgbò jọ. A fẹ́ gbé wọn sórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, àmọ́ àwọn àgbà ní à ń júwe ìlú fún ajínigbé. Ṣé ká pa á tì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má pa á tì. Ọ̀rọ̀ pé ohun tí kò bá sí lórí máàpù ló láàbò yìí ti sú mi. Tiransfọ́mà tó ń kùn lẹ́bàá títì ní Sábó, ta ni ò rí i? Ẹ ṣí Google Earth tó ń fi fọ́tò sátẹ́láìtì hàn, ẹ ó ka òrùlé ilé ìwòsàn yín níkọ̀ọ̀kan. Àjọ ìwádìí RAND ní Amẹ́ríkà yẹ àkójọ ìsọfúnni máàpù 629 tí ìjọba àpapọ̀ wọn ní wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2004: èyí tó jọ pé ó lè wúlò fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìkọlù kò tó 6 nínú 100.

Ibi tí ewu wà gan-an lẹ ò bi mí. Ohun tí ẹ kọ sídìí àmì ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mẹ́gáàdì ń lọ sílé láago 12 òru", kò sí sátẹ́láìtì tó lè rí ìyẹn. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Nítorí náà, ẹ yẹ ọ̀wọ́ ìsọfúnni (column) kọ̀ọ̀kan nínú tébù yín wò: ṣé aṣebi nílò rẹ̀? Ṣé kò lè rí i níbòmíràn? Ta ni yóò jìyà bí a bá fi pamọ́? Orúkọ, fóònù, àkókò ìṣọ́: ẹ pa á rẹ́. Ojú ibi tí ilé ìwòsàn wà: ẹ fi sílẹ̀, aláboyún ń wá a lóru.

Ẹ yọ ìsọfúnni GPS, ìyẹn ibi tí ẹ ti yà á, kúrò lára fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ipa ọ̀nà tí ẹ rìn síta, ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, torí ẹnu ọ̀nà ilé yín ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2018, máàpù Strava, áàpù àwọn tó ń sáré, tú àṣírí ibùdó ológun: ipa ẹsẹ̀ àwọn sójà ló tàn yòò láàárín aṣálẹ̀. Ilé aláìsàn tó bá wà nínú àkójọ yín, tí ẹ bá tilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e síta, nínú nọ́ńbà GPS rẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà méjì péré sílẹ̀ lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá. Nǹkan bíi kìlómítà kan nìyẹn. Nọ́ńbà márùn-ún a máa júwe ẹnu ọ̀nà.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sókè ni kẹ́ ẹ ti tún un ṣe o. OpenStreetMap máa ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe, ìparẹ́ ẹ̀yìn ọ̀la kì í nu nǹkan nù.

Bárékè ológun ńkọ́? Ẹ má ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ má yà á sórí ìwé. Òfin àṣírí ìjọba ò fẹ́ ẹ. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ẹ bi lọ́yà.

Ní ti kànga, ẹ gbé e sórí kíákíá, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá omi ń jáde.