Purotéènì, eṣinṣin àti ẹ̀mí gígùn

Ẹ̀gbọ́n tó ní òun fẹ́ dá ẹran àti ẹ̀wà dúró fún ara òun àti Màmá torí pé eku tí wọ́n dín purotéènì ẹ̀ kù ń pẹ́ láyé, ti Màmá yẹn, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹni tó ti lé ní 65, ẹran ara ẹ̀ ti ń joro, purotéènì ló ń bá a dì í mú.

Mo ti ṣiṣẹ́ ní láàbù kan nílùú òyìnbó rí, èmi ni mò ń se oúnjẹ fún eṣinṣin, àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín tó máa ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù yẹn, yíìsì àti ṣúgà àti agar tó ń mú un dì la máa ń pò pọ̀, òórùn yíìsì ò kúrò lára aṣọ mi bọ̀rọ̀, ká tún máa kó wọn látinú ìgò kan sí òmíì, ká máa ka òkú. Kérésì o, Sọ́ńdè o, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá ka òkú.

Tá a bá dín ṣúgà kù, kò fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wá, àmọ́ yíìsì tí purotéènì wọn wà nínú ẹ̀, tó bá ti dín kù báyìí wọ́n á pẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní yé ẹyin tó bó ṣe yẹ. Àwọn olùṣèwádìí kan ní London ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2005. Ní 2009 wọ́n wá fi methionine nìkan, ọ̀kan lára àwọn amino acid tó ń para pọ̀ di purotéènì, kún oúnjẹ àwọn eṣinṣin tí wọ́n ń fún ní díẹ̀, ni ẹyin bá pọ̀, ẹ̀mí wọn ò sì kúrú, àfìgbà tí wọ́n da àwọn amino acid yòókù tó ṣe kókó mọ́ ọn. Ẹ wá wo eku o, methionine yìí kan náà ni wọ́n dín láti 0.86 sí 0.17 nínú 100 ní 1993, wọ́n fi bí ìdá 30 nínú 100 pẹ́ ju àwọn tó kù lọ, àmọ́ wọn ò dàgbà, wọ́n kéré ṣíún.

Ká sì dín gbogbo oúnjẹ kù lápapọ̀ ńkọ́? Ní 2010 wọ́n dín in ní ìdá 40 nínú 100 fún oríṣi ìran eku tó lé ní 40, àwọn tí ẹ̀mí wọn kúrú pọ̀ ju àwọn tó gùn lọ.

Ti ọ̀bọ ló dùn jù. Ìwádìí ti yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà ní 2009 ní dídín oúnjẹ kù ń mú ẹ̀mí gùn, ti ìjọba Amẹ́ríkà ní 2012 ní rárá o. Oúnjẹ ti Wisconsin, ṣúgà lé ní ìdá 28 nínú 100, ti ìjọba ò tó 4, àwọn tí wọn ò dín tiwọn kù ní Wisconsin sì ń jẹ bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mu mínírà lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dín in.